Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ oṣù tẹ́ ẹ tún ń kọ̀tàn, báwo lẹ ṣe ń ṣe é nílé yín?

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ Òjóò:
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀ pé àwọn tó ń kọ̀wé pọ̀ níbí. Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń yá àwọn ọlọ́jà lówó, Òjóò la sì ń gbé, èmi àti ọkọ mi àtàwọn ìbejì wa tí wọ́n wà ní Primary 2, ìyá ọkọ mi náà wà lọ́dọ̀ wa látìgbà tí orúnkún ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo ń kọ ìtàn kan lédè Yorùbá, ìtàn obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkè lọ́jà Ọjẹ́, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ títí tó fi di ẹni tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ń kó ọjà fún láwìn. Ìtàn yẹn ti dé ibi tó dùn, àwọn tí mò ń fi ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp ní Sunday ń béèrè apá tó kàn, èmi gan-an ni mi ò ráyè. Máíkírà, takisí wa níbí, láti Dùgbẹ̀, gó-síló Mọ́kọ́lá, gó-síló Sángo, tí n bá délé oúnjẹ ni, homework àwọn ọmọ ni, Màámi náà á fẹ́ ká jọ tàkúrọ̀sọ díẹ̀, tí gbogbo ẹ̀ bá fi máa parí oorun ti gbé mi lọ. Ní ọ́fíìsì, ọ̀gá wa ti ní òun ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ṣe nǹkan ti ara ẹ̀, kódà lásìkò ọ̀sán.

Èyí tó wá ń jẹ mí lọ́kàn jù lọ ni pé obìnrin inú ìtàn yẹn, Màámi ni. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ o, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń ká sányán, bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò wo híhun aṣọ bóyá ó dẹ̀ tàbí ó le, ohun tí wọ́n máa ń sọ sí oníbàárà tó bá ná ọjà ní ìnákúnàá, gbogbo ẹ̀ ni mo kó síbẹ̀. Ọkọ mi kà á, ó ní ó dùn, ó wá ní "ṣé Màámi mọ̀?" Mi ò tíì mọ èsì tí mo máa fún un. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Tíṣà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ò lè kọ̀wé gidi, torí àwọn tó kọ èyí tí gbogbo wa ń kà, iṣẹ́ oṣù ni wọ́n ń ṣe. Fágúnwà, tíṣà ni, St Andrew's l'Ọ́yọ̀ọ́ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nígbà tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé ìdíje ìwé kíkọ jáde ní 1936, ibẹ̀ ni ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ ti wá, tí CMS, ilé ìtẹ̀wé àwọn míṣọ́nnárì, tẹ̀ ní 1938. Tutùọlá, mẹ́síńjà ni ní ọ́fíìsì Lébà, ti ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, l'Ékòó, ẹni tí wọ́n ń fi fáìlì rán káàkiri, ìwé tó kọ nígbà yẹn ni Faber tẹ̀ ní London ní 1952. Fálétí ńkọ́, iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ṣe n'Ìbàdàn yín níbẹ̀.

Ohun tí mo máa sọ ni pé iṣẹ́ Dùgbẹ̀ yẹn gan-an wúlò fún ìtàn yín. Ẹ̀yin lẹ̀ ń jókòó níwájú ọlọ́jà láàárọ̀, ẹ̀ ń gbọ́ bí ẹni tó jẹ gbèsè ṣe ń bẹ̀bẹ̀, ẹ̀ ń gbọ́ bí ẹni tó ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣe ń bínú. Ẹ ra ìwé pélébé kan tó lè wọ báàgì yín, kẹ́ ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu èèyàn síbẹ̀ lójúmọ́. Kì í ṣe ìtàn o, ọ̀rọ̀ lásán. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ráyè jókòó, nǹkan á ti wà nílẹ̀.

Akọ̀wé Lọ́yà:
Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá Tíṣà sọ, àmọ́ kí àǹtí ṣọ́ra níbì kan o. Orúkọ oníbàárà, iye tó yá, ọjà tó ti ń tajà, kó má wọ inú ìwé pélébé yẹn rárá, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ. Ọ̀rọ̀ owó ẹni ẹlẹ́ni ni, ilé-iṣẹ́ yín ló sì ní kẹ́ ẹ bá òun pa á mọ́, tó bá jáde sínú ìtàn tí oníbàárà náà dá ara ẹ̀ mọ̀, wàhálà ńlá ni.

Ti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ọ̀gá yín ò jẹ̀bi. Ẹ má kọ nǹkankan sórí ẹ̀. Ohun tó bá wà lórí ẹ̀, àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀ lè rí i, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ wọ́n máa gbà á padà pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ tún wo lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín dáadáa, àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó ṣe iṣẹ́ mìíràn tó ń mówó wọlé. Tí irú ẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí wọn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lórí ìtàn yín, kẹ́ ẹ sì tọ́jú èsì wọn.

Àwọn èèyàn tún máa ń bi mí bóyá dandan ni kéèyàn lọ forúkọ ìtàn ẹ̀ sílẹ̀ kó tó di ti ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ Copyright Act 2022 tí à ń lò ní Nàìjíríà báyìí, gbàrà tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ lórí fóònù, tiyín ni, ó sì máa jẹ́ tiyín àti tàwọn ọmọ yín títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Àjọ Nigerian Copyright Commission ní ibi téèyàn ti lè fi iṣẹ́ ẹ̀ tó wọn létí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó dáa kéèyàn ṣe é torí ẹ̀rí, àmọ́ kì í ṣe òun ló sọ ọ́ di tiyín.

Akéwì Ìkirè:
Aago mẹ́rin ìdájí! Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ilé á dákẹ́, fóònù ò ní dún, ọpọlọ á mọ́. Òun ni mo fi ń kọ ewì mi látìgbà tí mo ti níyàwó. Ẹ lọ sùn ní kíá lálẹ́, kẹ́ ẹ jí ní mẹ́rin.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Akéwì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ta ló ń dáná àárọ̀ nílé yín? Ta ló ń wẹ ọmọ? Obìnrin tó bá jí ní mẹ́rin láti kọ̀wé, aago márùn-ún àwọn ọmọ ti jí, aago mẹ́fà ó ti ń wá máíkírà, ó sì máa jókòó ti owó olówó ní Dùgbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mò ń rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń wá sí wọ́ọ̀dù wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru sókè, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń sùn, wákàtí mẹ́rin, márùn-ún. Oorun kì í ṣe nǹkan téèyàn ń bù kúrò láti fi kún nǹkan mìíràn. Àgbàlagbà nílò bíi wákàtí méje ó kéré tán lálẹ́ kan.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, ẹ má wá àkókò nínú oorun yín, inú iṣẹ́ ilé ni kẹ́ ẹ ti wá a, kẹ́ ẹ sì wá a pẹ̀lú Bàbá Ẹ̀jìrẹ́. Èmi àti ọkọ mi jọ jókòó ni, a kọ gbogbo iṣẹ́ tó wà nílé wa sílẹ̀ láti Monday títí dé Sunday, ẹni tó ń ṣe é, ojú ara wa ló là nígbà tá a rí i lórí ìwé. Ó gba fífọ aṣọ àti gbígbé ọmọ lọ fún lẹ́sìn, èmi wá ní ọ̀sán Saturday. Tí n bá wọ yàrá tí mo ti ilẹ̀kùn, mi ò sí nílé nìyẹn, kódà tó bá jẹ́ pé iyọ̀ ni wọ́n ń wá. Àkókò yẹn ò gùn, àmọ́ ó dájú, tó bá sì ti dájú ọkàn èèyàn á ti máa múra sílẹ̀ fún un látìgbà tí ọ̀sẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Akéwì Ìkirè:
Àǹtí, mo gbọ́ o. Òótọ́ lẹ sọ, ìyàwó mi ló ń dáná àárọ̀, kì í sì dí mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń kọ̀wé. Mo máa bá a sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìkòròdú:
Èmi ò ní ọ̀sán Saturday, iṣẹ́ ni. Inú bọ́ọ̀sì BRT ni mo ti ń kọ tèmi, láti Ìkòròdú sí TBS l'Ékòó, àlọ àti àbọ̀, mi ò kì í tẹ nǹkankan o, ẹnu ni mo fi ń sọ ọ́. Lórí WhatsApp, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tiyín fúnra yín, ẹ wá orúkọ yín nínú contact ẹ máa rí i. Mo máa fi earphone sétí bíi pé mò ń pe èèyàn, mo máa wá máa sọ ìtàn náà sínú fọ́ìsì nóòtù, bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì mí. Tí mo bá délé, tàbí lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá fúyẹ́, mo máa gbọ́ ọ, mo máa wá tẹ̀ ẹ́.

Ohun kan tí mo rí níbẹ̀ ni pé Yorùbá tó ń jáde lẹ́nu mi dáa ju èyí tí ọwọ́ mi ń tẹ̀ lọ. Tí mo bá ń tẹ̀, mo máa ń kọ bíi ìwé iléèwé. Tí mo bá ń sọ ọ́, àwọn èèyàn inú ìtàn mi ń bú ara wọn bó ṣe yẹ kí wọ́n bú ara wọn. Àwọn tó jókòó nítòsí mi máa ń wojú mi, pàápàá tí wọ́n bá ń gbọ́ "mo ti sọ fún ẹ pé tó o bá tún padà sílé yẹn, o ò ní jáde láàyè," àmọ́ mi ò kí ń dáwọ́ dúró. Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, gó-síló Mọ́kọ́lá yẹn, ibi ìkọ̀wé ni.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ Òjóò:
Ọmọ Ìkòròdú, ẹ ṣé gan-an ni. Mo dán an wò lánàá láàárín Sángo sí Òjóò, èmi àti èrò mìíràn la wà lẹ́yìn máíkírà, mo rọra ń sọ ọ́, ìyá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá ní "ọmọ mi, kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí aṣọ náà?" Mo sọ ìyókù fún wọn títí tí wọ́n fi bọ́ọ́lẹ̀ ní Àgbọ́wọ́, wọ́n sì sọ ibi tí kò yé wọn fún mi. Inú mi dùn débi tí mi ò lè sọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, èmi àti Bàbá Ẹ̀jìrẹ́ máa jókòó kọ iṣẹ́ ilé sílẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lórí ti Màámi o.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Èmi máa sọ. Ẹ yí nǹkan padà ni, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ẹ gbé obìnrin náà kúrò lọ́jà Ọjẹ́, ẹ gbé e lọ sí Òṣogbo, kó máa ta àdìrẹ, ẹ fún un ní ọmọ márùn-ún dípò iye tí Màámi bí, ó parí. Gbogbo òǹkọ̀wé ló ń mú nínú ilé. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ máa gbàṣẹ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá jọ ẹni inú ìtàn yín, ẹ ò ní kọ nǹkankan láyé.

Ìyá Àgbà Ìjẹ̀bú:
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, mi ò gbà fún ọ. Tó bá gbé e lọ sí Òṣogbo, sányán ńkọ́? Àtàǹpàkò tó ń wo híhun aṣọ ńkọ́? Ohun tó jẹ́ kí ìtàn náà dùn gan-an lo ní kó sọnù. Aṣọ òkè kì í ṣe àdìrẹ, ẹni tó ń ta àdìrẹ ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń sọ, aró ló mọ̀, kì í ṣe òfì. Tó o bá kàn pààrọ̀ ọjà bí ẹni pààrọ̀ bàtà, ẹni tó mọ̀ á mọ̀ pé irọ́ ni.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, èmi náà jẹ́ ìyá ọkọ. Ìyàwó ọmọ mi kan ń kọ nǹkan lórí fóònù. Tí mo bá gbọ́ lẹ́nu aráàta pé èmi ló ń kọ, á dùn mí, kódà tó bá jẹ́ ohun tó dáa ló kọ. Àmọ́ tó bá wá bá mi tó ní "Màámi, mò ń kọ ìtàn kan, ẹ̀yin ni mo ń wò kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín," háà, mo máa pe àwọn ẹgbẹ́ mi wá gbọ́ ọ. Ẹ má lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn bí ẹni lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹ kà á fún wọn ni. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń kà á ni wọ́n máa sọ ohun tí wọn ò fẹ́. Kí ọkọ yín wà níbẹ̀, torí ìyá ẹ̀ ni, kó má dà bíi pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbìmọ̀ pọ̀ lẹ́yìn wọn.

Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ohun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yọ kúrò kó kúrò. Ìyẹn ò ṣeé dúnàádúrà.

Ọ̀rẹ́ Akéde:
Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un, torí ẹ̀ ń kọ ìtàn yín lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ní 1929 sí 1930, I.B. Thomas tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn náà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ bíi pé obìnrin arúgbó kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá ló ń sọ ìgbésí ayé ara ẹ̀. Ó kọ ọ́ débi pé àwọn ará Èkó gbà pé obìnrin náà wà lóòótọ́, wọ́n ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn nítorí ẹ̀. Àdúgbò, ṣọ́ọ̀ṣì, orin ìgbà yẹn, gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, obìnrin náà nìkan ló dá. Ẹ wo bó ṣe ṣe é: ibi àti iṣẹ́ ló jẹ́ tòótọ́, ìgbésí ayé ẹni ló jẹ́ àdásọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí ọjà Ọjẹ́ wà bó ṣe wà, kí sányán wà bó ṣe wà, àmọ́ kí ìgbéyàwó obìnrin yẹn, àwọn orogún ẹ̀, ìjà ẹ̀, kó jẹ́ tiẹ̀, kó má jẹ́ ti Màámi.

Ìtàn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tún nílò kí apá tó pọ̀ díẹ̀ ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ọmọ á ṣàìsàn, iná á lọ, ìṣirò ìparí oṣù á dé ní ọ́fíìsì. Àwọn òǹkàwé yín ò ní mọ̀ nǹkankan nípa ẹ̀ tí apá tó kàn bá ti wà nílẹ̀.

Ọmọ Yorùbá Peckham:
Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe níbí, òru ni mo sábà máa ń wọlé, mo sì ń kọ eré orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí mo máa ń rántí tó bá ti rẹ̀ mí ni Buchi Emecheta. Obìnrin Igbo ni, Èkó ni wọ́n bí i sí, ó wá sí London ní kékeré, ọmọ márùn-ún ló tọ́ níbí lẹ́yìn tó kúrò nílé ọkọ, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń lọ sí yunifásítì, ìdájí kí àwọn ọmọ tó jí ló fi ń kọ̀wé (Àǹtí Nọ́ọ̀sì ẹ má bínú). Ìwé tó kọ́kọ́ kọ, ọkọ ẹ̀ sun ún níná. Ó ní láti tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀, ọdún 1976 ló tó jáde.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé pé ẹ má jẹ́ kó wà níbì kan ṣoṣo. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọkọ yín ní ó dùn, àmọ́ omi lè dà sí fóònù, wọ́n lè jí i lọ́jà. Ẹ kọ ọ́ sórí Google Docs, èyí tẹ́ ẹ lè lò láìsí dátà, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ "available offline" sí, tí nẹ́tíwọ̀kì bá dé ó máa gbé e lọ fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ máa fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀kan sọ́wọ́ ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán.

Ọ̀rẹ́ Akéde:
Mo fẹ́ gbè é lẹ́yìn. Ẹ ò rántí OkadaBooks, àwọn tó ń ta ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa ń gbé ìwé sí látọdún 2013, ìparí November 2023 ó kógbá wọlé. Ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ ẹ̀ wà ní láti sáré. Ibi tẹ́ ẹ ti ń tà á kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ ń tọ́jú ẹ̀ sí.

Atẹ̀wé Ṣómólú:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ̀ tiwa, torí níkẹyìn ọ̀dọ̀ wa lẹ máa gbé e wá. Àmì ohùn ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé máa ń tẹ ìdá kan lórí fóònù, ìdá kejì lórí kọ̀ǹpútà, ìdá kẹta ẹ lọ kọ́pì ẹ́ níbì kan. Ojú ò lè mọ̀ ọ́n, àmọ́ kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n: ẹ́ kan náà lè jẹ́ ohun méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n tò léra. Tẹ́ ẹ bá wá ní kí kọ̀ǹpútà bá yín wá orúkọ "Adébísí" nínú ìwé olójú-ewé 200 láti yí i padà, ó máa rí àwọn kan, kò ní rí àwọn kan. Ẹ mú kíbọọ̀dù kan ṣoṣo, ẹ dúró sórí ẹ̀. Gboard ní ti Yorùbá lórí fóònù Android. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn YorubaName.com ní èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Fọ́ǹtì náà ṣe pàtàkì. Àwọn fọ́ǹtì kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fi àmì sórí ọ, àmì náà á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gun orí lẹ́tà tó wà lókè ẹ̀. Charis SIL, Gentium, Noto Serif, wọ́n gbé àmì Yorùbá dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Tẹ́ ẹ bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa, ẹ fi Word ránṣẹ́, ẹ tún fi PDF tì í, ká lè máa wo bó ṣe yẹ kó rí. Kẹ́ ẹ tó ní ká tẹ ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà, ẹ gba ọ̀kan, ẹ kà á sókè látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ti rí i tí "ọkọ" di "ọkọ́" nínú ìwé tó ti jáde, ìyàwó ilé wá ń dáná fún ọkọ́.

ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, ọ̀dọ̀ National Library of Nigeria lẹ ti máa gbà á, ẹ̀yin fúnra yín lè béèrè, kò di dandan kẹ́ ẹ gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Tí ìwé bá sì jáde, òfin ní kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí wọn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, báwo ni ti òpin ọ̀sẹ̀?

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ Òjóò:
Ẹ ṣé gbogbo yín, Ọlọ́run á máa bá yín ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

A kọ iṣẹ́ ilé sílẹ̀, Bàbá Ẹ̀jìrẹ́ ló kọ ọ́ fúnra ẹ̀, ó pẹ́ lórí ìwé náà. Ó ní òun ò mọ̀ pé èmi ni mò ń ṣe homework lójoojúmọ́, òun rò pé à ń pín in ṣe. Ó ti gba homework ọjọ́ Tuesday àti Thursday báyìí, ọ̀sán Saturday sì di tèmi. Yàrá ìbejì ni mo ti máa kọ, ó ní kọ́kọ́rọ́.

Ti Màámi. Mo ṣe bí Ìyá Àgbà Ìjẹ̀bú ṣe sọ. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ lálẹ́ Friday, ọkọ mi jókòó tì wọ́n, mo ní "Màámi, mò ń kọ ìtàn kan, ọ̀rọ̀ aṣọ òkè ni, ẹ̀yin ni mo ń wò kọ ọ́." Wọn ò gbé ojú sókè, wọ́n ní "ó dáa, kà á." Mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí obìnrin náà ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀ fún oníbàárà, wọ́n da ẹ̀wà sílẹ̀ wọ́n ní "rárá." Mo ti kọ ọ́ pé ojú aṣọ kan fẹ̀ tó ọwọ́ méjì. Wọ́n ní nígbà tiwọn, ojú aṣọ òkè kan kò fẹ̀ ju ínǹṣì mẹ́rin lọ, ìdí tí wọ́n fi ń rán an pọ̀ nìyẹn, ẹni tó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì rí aṣọ òkè rí. Wọ́n dìde, orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn o, wọ́n lọ gbé ìró àlàárì wọn jáde látinú àpótí, wọ́n fi ìka hàn mí ojú kan sí ojú kejì, ibi tí abẹ́rẹ́ ti gba kọjá, wọ́n ní kí n fọwọ́ kàn án. Wọ́n tún sọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ tí ahunṣọ bá ti kánjú: etí aṣọ kì í tọ́. Mi ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ó fi di aago mọ́kànlá, ọkọ mi ní àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ tí òun alára ò gbọ́ rí.

Wọ́n ní kí n yọ ohun kan. Ìjà àárín wọn àti orogún wọn. Wọ́n ní àwọn ọmọ obìnrin náà ṣì wà láyé, wọ́n ń kí àwọn ní ọdún, àwọn ò fẹ́ kí wọ́n kà á. Mo ti yọ ọ́. Ọ̀rẹ́ Akéde, mo lo ìmọ̀ràn yín níbẹ̀, mo fi ìjà mìíràn sí i tó jẹ́ pé èmi ni mo dá a sílẹ̀, àárín obìnrin náà àti ahunṣọ tó ta ọjà ẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìyá Àgbà Ìjẹ̀bú:
Ẹ bá mi kí wọn gan-an ni. Àlàárì yẹn, tó bá jẹ́ ti àtijọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ ọ́ o, sísá ni wọ́n ń sá a.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Mo gbà báyìí. Ti Òṣogbo yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Mo ní ìbéèrè ṣá: ṣé orúkọ Màámi ló máa wà nínú ìtàn náà?

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ Òjóò:
Rárá o. Orúkọ àwọn ìbejì náà ò ní wọ ohunkóhun tí mo bá kọ, bẹ́ẹ̀ ni iléèwé wọn. Orúkọ tí Màámi fẹ́ kí obìnrin náà máa jẹ́ ni wọ́n sọ fún mi, wọ́n ní orúkọ ìyá àwọn ni, ẹni tó kọ́ àwọn lọ́jà. Òun náà ni mo ti ń lò.

Atẹ̀wé Ṣómólú, Gboard ti wà lórí fóònù mi, mo ń tún èyí tí mo ti kọ tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tí àmì bá sún lórí WhatsApp lọ́dọ̀ ẹni tó ń kà á, ṣé fọ́ǹtì ni ìyẹn náà?

Atẹ̀wé Ṣómólú:
Fọ́ǹtì fóònù tiwọn ni, kò sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i látọ̀dọ̀ yín. Ẹ fi ránṣẹ́ ní PDF, kí lẹ́tà ẹ̀ tóbi dáadáa torí ojú fóònù kéré, 16 ó kéré tán. Àwọn tó ní fóònù kékeré á rí i kà, àmì á sì dúró sáyè ẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Tí PDF bá ti wà nílẹ̀ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi àtàwọn méjì mìíràn la wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní Sunday, a máa kà á fún ara wa lásìkò ìsinmi.